Fèrè Ọjọ́ Ẹtì ní Báráàkì Wa

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi ní pálọ̀ lánàá, lẹ́yìn tí àwọn tó ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ tán. Etí mi kò tíì di. Ẹ ní orí Màmá ti ń dàrú. Ó lè máa dàrú lóòótọ́, n kò ní bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìdáhùn tí mo fún àwọn onínẹ́ẹ̀tì. Ibi tí mo ti rí ìdáhùn yẹn jìnnà díẹ̀ sí Dópẹ̀mú tí a wà yìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ibi tí kẹ̀kẹ́ gbé wa gbà lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti fi páànù yí ilẹ̀ gbọọrọ kan ká, tí kátápílà ń wó nǹkan nínú rẹ̀? Ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ni mò ń wò, mo ní n kò wo nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù wa wà, ilé gígùn onírúùmù méjìlá, nínú báráàkì àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Bàbá àgbà yín wà lára àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Kì í ṣe òun ló ń wà á o. Mo ní láti sọ èyí nítorí ẹ ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé páílọ́ọ̀tì ni, òun náà sì gbádùn irọ́ yẹn dáadáa kó tó kú lọ́dún tó kọjá.

Yàrá kan àti pálọ̀ kékeré kan ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ní, òun la wá ń pè ní rúùmù. Fàráńdà kan ṣoṣo ló so gbogbo wa pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, a sì máa ń fi páálíṣì nù ún títí á fi máa dán. Àwọn kìtìnnì tò sí òdìkejì àgbàlá, ẹ̀rọ omi wà láàárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òkúta tí a kùn ní funfun ló wà, a sì gbọ́dọ̀ tún wọn kùn lóṣooṣù. Ẹ̀yin wá ń gbé fúláàtì tí ẹ kò mọ ẹni tó wà lókè yín. Lọ́jọ́sí, mo bi yín pé ta ló da omi sórí èlùbọ́ tí mo sá, ẹ ní, "Àwọn kan ni." Àwọn kan! Ní búlọ́ọ̀kù wa, tí ọmọ ẹnì kan bá wúkọ́, ìyá méjìlá ló ń béèrè ohun tó jẹ.

Ariwo ọkọ̀ òfuurufú ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Pápá tí wọ́n ti ń gbéra kò jìnnà sí wa rárá. Tí ọ̀kan bá ti fẹ́ gbéra, gíláàsì wíńdò á máa gbọ̀n, abọ́ á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Nítorí náà, a máa ń dákẹ́ ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dúró síbi tó bá dé, nígbà tí ariwo bá kọjá, á mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Àlejò nìkan ló máa ń pariwo pé kí ohùn òun borí ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Màmá Rúùmù Kẹwàá ń jà nítorí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó fẹ́ pè mí ní olójú kòkòrò. Ó ti pe "olójú" tán ni ọkọ̀ kan gbéra. A dúró, àwa méjèèjì kọwọ́ sí ìbàdí, a ń wo ara wa. Nígbà tí ariwo kọjá, ó ní, "kòkòrò," gbogbo àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí di òní, tí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá lórí ilé yìí, ẹ máa rí i pé mo máa ń dákẹ́. Ẹ máa ń rò pé mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nọ́ńbà ilẹ̀kùn la fi ń pe ara wa. Háúsá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn Èkìtì wà, àwa Ọ̀yọ́ náà wà, nọ́ńbà yẹn ló sì rọrùn fún gbogbo ẹnu. Màmá Rúùmù Síìsì ni mí. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran á bẹ̀rẹ̀ láti Rúùmù Kìíní, á máa tẹ̀ lé nọ́ńbà títí dé Rúùmù Kejìlá, àwọn Rúùmù Kejìlá á sì máa ráhùn pé egungun nìkan ló ń kan àwọn. Torí náà, nígbà Kérésì, ọ̀dọ̀ tiwọn la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí inú wọn lè dùn. Hẹlikópítà ló máa ń gbé Bàbá Kérésì wá sí pápá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Eruku á bo àwọn ọmọ tó wọ aṣọ tuntun, àwa ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Bàbá Kérésì kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n fèrè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkùnrin kan tó ń bójú tó ilé wa máa ń wá yẹ̀ wá wò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ogun, Bàbá Fèrè la sì ń pè é. Tó bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kí o wá dúró síwájú ilẹ̀kùn rẹ, kí o sọ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, o máa pe nọ́ńbà rúùmù rẹ, o máa wá pe iye ènìyàn tó ń sùn nínú rẹ̀. Èmi a ní, "Rúùmù Síìsì, sà. Fáìfù, sà." Ìyẹn ni pé márùn-ún ni wá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kúrò níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ títí fèrè kejì á fi dún.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe àsọdùn. Mo gbé ọbẹ̀ kaná lọ́jọ́ Ẹtì kan, fèrè dún, mo sáré lọ dúró. Mo ń wo èéfín tó ń jáde láti kìtìnnì mi. Bàbá Fèrè náà rí i. Ó ń kà wá lọ, kò yára, kò falẹ̀, ọbẹ̀ mi sì jóná lójú èmi àti òun. Ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni pé kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mo lè kúrò níbẹ̀. Ó ti wọ̀ wá lára bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ ló wà ní Rúùmù Keje, ògiri kan ló là wá láàárín. Ọmọ Èkìtì ni, èèyàn jẹ́jẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ mọ́ínmọ́ín sè tó o ní gbogbo báráàkì. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ kọ́púrà, ọmọ méjì ni wọ́n bí: Dúpẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó mọ ìwé gan-an, àti Ṣọlá tí kò tíì tó ilé ìwé. Àìsàn mú ọkọ rẹ̀, a pè é ní ibà. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kú.

Òfin báráàkì ni pé ọkọ ló ni rúùmù. Tí ọkọ bá ti kú, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún ìdílé rẹ̀ láti kó jáde. Oṣù mẹ́ta Ìyá Dúpẹ́ sì pé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Dúpẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sẹ́kọ́ńdírì. Ilé ìwé inú báráàkì ni wọ́n ti máa ṣe é, ọjọ́ Sátidé ni. Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn tó wà lẹ́nu géètì kì í gba àlejò wọlé rárá, ọmọ tí ilé rẹ̀ ti bọ́ kúrò nínú ìwé wọn, àlejò ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá sun inú báráàkì mọ́jú á kàn fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì ni. Ìyá Dúpẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un fún òun. Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́. Kò rí èsì.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni àwa obìnrin ti pinnu ohun tí a máa ṣe. A pín ẹrù rẹ̀ sí ilé ara wa: bẹ́ẹ̀dì lọ sí Rúùmù Kìíní, àga lọ sí Rúùmù Kẹwàá, ìkòkò àti ọlọ tó fi ń lọ ẹ̀wà wá sí kìtìnnì mi. Ẹni tó ń gba ilé wá, ó ka gíláàsì wíńdò, ó ka gúlóòbù, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì fi àgádágodo ńlá kan ti ilẹ̀kùn Rúùmù Keje. Ìyá Dúpẹ́ ru báàgì méjì gba géètì kọjá lójú gbogbo ayé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìwé àlejò, wọ́n wọlé padà gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi tó ti oko wá. Pálọ̀ mi ni wọ́n ń sùn. Bàbá àgbà yín kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ẹ ṣáà ṣe é jẹ́jẹ́. Wọ́n fẹ́ fún mi ní ipò sájẹ́ǹtì lóṣù tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Ìyá Dúpẹ́ ti lọ sí Agége kí fèrè tó dún, ó dé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣètò rẹ̀ fún ọjọ́ Ẹtì kejì, tí ìdánwò ku ọ̀la. Ṣùgbọ́n òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ṣọlá sì ń wúkọ́, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Dúpẹ́ ti lọ sí ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ní òun á lọ ẹ̀wà díẹ̀ kí òun tó jáde, kí Dúpẹ́ lè rí mọ́ínmọ́ín jẹ lọ sí ibi ìdánwò. Kò sí ìdí fún wa láti kánjú, aago mẹ́jọ ni.

Aago mẹ́jọ yẹn ni fèrè dún. Ọ̀gá kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibòmíràn, ó fẹ́ wo ilé láìjẹ́ pé a mọ̀.

Mo sáré dúró síwájú ilẹ̀kùn mi. Mo wo ọ̀nà kìtìnnì, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí wọn kì í wo kìtìnnì títí fèrè kejì á fi dún. Mo ní Ìyá Dúpẹ́ ṣáà máa jókòó síbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i tó ń bọ̀. Ó ń gba inú òjò kọjá, ó ń fi ìró nu ẹ̀wà lọ́wọ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó gun fàráńdà, ó kọjá níwájú mi, ó sì dúró síwájú Rúùmù Keje. Ó kọ ẹ̀yìn sí àgádágodo, ó sọ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbójú sókè.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń dúró síbẹ̀. Fèrè dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wá. Mo wà nítòsí rẹ̀ débi pé tí mo bá na ọwọ́, á kan èjìká rẹ̀. Mo fi ohùn kékeré pè é, "Ìyá Dúpẹ́." Kò wò mí. A kì í wo ara wa tí fèrè bá ti dún. Mo sì mọ̀ pé mo lè fi ẹsẹ̀ méjì péré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n tì í wọ pálọ̀ mi. N kò lè kúrò níwájú ilẹ̀kùn mi.

Bàbá Fèrè ti rí i láti òkèèrè. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó dúró sí Rúùmù Kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí nípa gọ́tà tó mọ́ tónítóní, ó ń fi ọwọ́ júwe òkúta fún ọ̀gá náà, kí obìnrin yìí lè ráyè kúrò. Ó ṣe é títí kò fi rí nǹkan sọ mọ́. Ìyá Dúpẹ́ kò mira. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní, "Rúùmù Síìsì, sà. Fáìfù, sà." Wọ́n bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Rúùmù Sẹ́fùn, sà. Fọ́ọ̀, sà."

Mẹ́rin. Ó ka ọkọ rẹ̀ mọ́ wọn.

Ọ̀gá náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo àgádágodo, ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni ọkọ̀ òfuurufú kan bá gbéra. Gbogbo wa dákẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Ariwo yẹn pẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní àyè láti ronú nínú rẹ̀. Mo rò ó pé tó bá kọjá, mo máa sọ pé àbúrò mi ni, pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú, pé kí wọ́n dárí jì í. Mo to ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu tán. Mo tún rántí sájẹ́ǹtì bàbá àgbà yín. Nígbà tí ariwo kọjá, n kò sọ nǹkan kan. Rúùmù méjìlá la jẹ́, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé rúùmù yìí ṣófo nínú ìwé òun. Ìyá Dúpẹ́ yíjú, ó fọwọ́ kan àgádágodo náà, ó wá rántí ibi tó wà. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo gbọ́ fèrè ni."

Ọ̀gá kékeré yẹn kì í ṣe ìkà, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ojú ń tì í. Ó ní àṣẹ ti òkè wá, òun kò lè yí i padà, ìwé àlejò wọn ti pin. Ó ní òun á wá lọ́rì tó máa gbé wọn dé garéèjì kí aago mẹ́rin tó lù, ilé tí òun bá sì tún bá wọn, onílé náà á tẹ̀ lé wọn jáde. Bàbá Fèrè fọn fèrè kejì. Kò dún dáadáa, ó ní láti tún un fọn.

Dúpẹ́ ti ilé ìwé dé, ó mú pẹ́ńsù méjì tuntun lọ́wọ́, òun ló rà wọ́n fún ìdánwò. Ó bá àwa obìnrin tí a ń kó ẹrù wọn jáde láti àwọn ilé tí a pín in sí. Kò bi ìyá rẹ̀ léèrè, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá Rúùmù Síìsì, ẹ jẹ́ kí n sùn lọ́dọ̀ yín lónìí nìkan. Mi ò ní jáde, mi ò ní wúkọ́. Tí mo bá ti ṣe ìdánwò tán lọ́la, màá lọ bá wọn ní garéèjì."

Mo ní, "Ọkọ mi kò tíì dé láti ibi iṣẹ́."

Ìdáhùn mi nìyẹn. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ó dáa, mà." Ó dìde, ó kó pẹ́ńsù méjèèjì sórí tábìlì mi. Ó ní kí n kó wọn fún ọmọ mi, pé ọdún tó ń bọ̀ ni tirẹ̀. Ọmọ mi yẹn ni bàbá yín. Ó fi pẹ́ńsù náà ṣe ìdánwò, ó yege, ẹ̀yin náà sì rí ibi tó dé. N kò sọ fún un rí ibi tí wọ́n ti wá.

Lọ́rì kò lè gba gbogbo ẹrù wọn. Ìyá Dúpẹ́ ní kí n bá òun tọ́jú ọlọ, pé tí àwọn bá ti rí ibi dúró sí, òun á wá gbé e. Kò bá mi jà. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi gbà á sílé. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Mo ti kó ilé lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà náà, mo sì ń gbé ọlọ yẹn kiri. Òun ló wà lẹ́yìn kìtìnnì tí ẹ máa ń jókòó lé tí ẹ bá ń tẹ fóònù, tí mo máa ń lé yín kúrò lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún yín pé mò ń wá ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan, ẹ ní kí n pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ wá a lórí fóònù. Èmi tí mo ń bá yín wí pé ẹ kò mọ ará ilé yín, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá a gbé, Ìyá Dúpẹ́ Rúùmù Keje nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí, kátápílà ti wó o. Kò sí ibi tí mo lè wá a sí mọ́.

Lánàá wàyí, ọmọbìnrin onínẹ́ẹ̀tì yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó mú ìwé dání, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń sùn ní yàrá yìí?" Mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ti sọ sí ẹ̀gbẹ́, mo ní, "Méjì." Ẹ wo ara yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú yín sì lọ bá a lẹ́yìn pé kó kọ ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé bàbá àgbà yín ti kú. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Ẹ ṣáà bá mi so nẹ́ẹ̀tì náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì jẹ́ kó dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibẹ̀ ló máa ń sùn sí.